Ionie Liburd àti Fíìmù Àwọn Ajókòótini

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní Chapeltown, ní ìlú Leeds, pé Ionie Liburd kì í jẹ́ kí wọ́n ya òun ní fọ́tò. Bí ìgbéyàwó bá parí, tí ayàwòrán bá ní kí tẹbí tọ̀rẹ́ tò sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbà yẹn gan-an ni Ionie máa ń rántí pé òun gbé nǹkan kaná sílé. Bí ọdún Kérésì bá kù dẹ̀dẹ̀, tí àwọn èèyàn káńsù bá kó ẹ̀bùn wá fún àwọn arúgbó, tí wọ́n sì fẹ́ yàwòrán tí wọn yóò fi ṣe yangàn, á fi aṣọ ìdáná bojú, á ní: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ̀bùn lẹ gbé wá, àbí ẹ fẹ́ fi wá dẹ ẹja ni?"

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Eékún ń dùn ún, kò sì ríran jìnnà mọ́, síbẹ̀ kò sí Ọjọ́rú kan tí kì í dáná fún nǹkan bí ogójì arúgbó nínú gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọbẹ̀ ewúrẹ́ olómi, bí wọ́n ṣe ń sè é ní Nevis, erékùṣù kékeré kan lódìkejì òkun, ìrẹsì àti ẹ̀wà, ẹja oníyọ̀. Ẹni tí kò bá lè wá, Ionie á di tirẹ̀ sínú abọ́, á rán an lọ bá a nílé.

Nevis yẹn ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni nígbà tó wọkọ̀ ojú omi wá sí Leeds lọ́dún 1958. Ó fẹ́ Clement Liburd, ọmọ ìlú rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ, ìyẹn Yvette. Ionie fúnra rẹ̀ gbaṣẹ́ ní ọsibítù ńlá kan láàárín ìlú. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Òun ni wọ́n máa ń pè láti wẹ aláìsàn, láti da ìtọ̀ nù, láti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn a máa dúró de ọwọ́ rẹ̀ ju ọwọ́ àwọn tó kàwé lọ.

Fòníkú-fọ̀ladìde ló ń ṣe Yvette. Lónìí ọmọ á máa rẹ́rìn-ín, á máa fo okùn. Tó bá di ọ̀la, egungun á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó bí ẹni pé wọ́n ń gún un nínú odó. Láyé ìgbà yẹn, dókítà tó mọ àìsàn náà ní Leeds kò pọ̀, èyí tó sì gba aláìsàn gbọ́ tún kéré sí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá ọdún 1978, Ionie ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní òkè kẹta nígbà tí obìnrin tó ń gbá ilẹ̀ sáré wọlé tọ̀ ọ́ wá.

"Ionie, ọmọ rẹ wà nísàlẹ̀! Iléèwé ló gbé e wá. Láti àárọ̀ ló ti ń ké."

Ionie sọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, Yvette, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wà lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ká jọ bí ewé tí iná rà, ó sì ti ké títí ohùn fi há. Ionie bi nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ pé oògùn ìrora dà.

"Ọmọ yìí ń díbọ́n ni," ni nọ́ọ̀sì náà wí. "Oògùn líle ni wọ́n ń wá kiri, àwọn ọmọ àdúgbò yín. Padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ."

Ionie fa àga kan láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó jókòó tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

"Ta ló ní kó o jókòó?"

"Ìdí mi ni."

Ó jókòó bẹ́ẹ̀. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá ti pé, á gbójú sókè, á ní: "Nọ́ọ̀sì, oògùn náà dà?" Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n lọ pe ọ̀gá wá, ọ̀gá ní kó dìde, ó ní òun á dìde bí oògùn bá dé. Àárín èyí ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé, Verna Nisbett, tí òun náà wá láti Nevis, tó ń rán kóòtù ní ilé iṣẹ́ aránṣọ. Verna gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn èèyàn nínú bọ́ọ̀sì, ó sì yà wá pẹ̀lú fìlà ṣọ́ọ̀ṣì lórí.

"Wọ́n fẹ́ lé mi," ni Ionie wí.

"Bí wọ́n bá lé ìwọ, èmi á jókòó. Bí wọ́n bá lé èmi, ìwọ á tún padà wá. Ká wo ẹni tó máa kọ́kọ́ rẹ̀."

Àwọn aláṣọ funfun ló kọ́kọ́ rẹ̀. Oògùn dé nígbà tí wákàtí kejì ń parí lọ. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, ìyá méjì nínú ìjọ ti wá bá Ionie pé àwọn náà lọ́mọ nílé tó ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀, pé kó jọ̀ọ́, bí ó bá tún ṣe wọ́n, ṣé á bá àwọn jókòó?

Bí Ẹgbẹ́ Ajókòótini ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọn ò gbé pátákó kiri, wọn ò kọrin ìfẹ̀hónúhàn. Ẹni tí àìsàn náà bá dìde sí, ìyàwó ilé kan á wọ aṣọ ọjọ́ ìsinmi, á dé fìlà, á gbé oúnjẹ dání, á lọ jókòó tì í títí oògùn yóò fi dé. Bí ó bá rẹ ọ̀kan, òmíràn á gba ipò rẹ̀. Nígbà tó yá, bí àwọn nọ́ọ̀sì bá ti rí fìlà méjì lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ti máa wá kọ́kọ́rọ́ àpótí oògùn. Inú àwọn ọ̀gá ọsibítù kò dùn. Wọ́n gbé Ionie kúrò ní wọ́ọ̀dù, wọ́n ní kó lọ máa fọ aṣọ nísàlẹ̀ ilé, níbi tí ooru ti ń bó ni lára. Ó fọ aṣọ ọ̀hún fún ọdún mọ́kàndínlógún, kò sì fi ìjókòó sílẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ionie ni ọwọ́ ẹgbẹ́ náà, Verna ni ẹnu rẹ̀. Verna ló ń lọ sí káńsù, òun ló ń kọ lẹ́tà, òun ló ń dìde láàárín ìpàdé tí àwọn ọlọ́pàá àti àwọn olóṣèlú yóò máa wo aago. Ohun tó ń fẹ́ ni kílíníìkì tó jẹ́ ti àìsàn náà nìkan, tí ẹnikẹ́ni kò ní bi ọmọ tí ń jẹ̀rora bóyá ó ń díbọ́n. Ọdún gorí ọdún, wọn ò dá a lóhùn. Akọ̀ròyìn kan wá sọ fún un lọ́dún 1987 pé ọ̀rọ̀ láìsí ojú ènìyàn nínú rẹ̀ kò lè wọ oníwèé ìròyìn lára. Verna ronú sí i fún ọjọ́ méjì. Ó mú fọ́tò Yvette tó wà nílé rẹ̀, ó fún akọ̀ròyìn náà, ó sọ orúkọ rẹ̀, ó sọ gbogbo bó ti rí.

Yvette ti pé ẹni ọdún márùn-ún-dínlọ́gbọ̀n nígbà náà. Ó ń tẹ ìwé ní ọ́fíìsì àwọn lọ́yà kan, kò sì sí ẹni tó mọ̀ níbẹ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ojú rẹ̀ wà lójú ewé kẹrin ìwé ìròyìn. Oṣù yẹn kò parí tí wọ́n fi ní iṣẹ́ ti dínkù, kó máa lọ sílé. Ó sé ara rẹ̀ mọ́lé títí òjò dídì fi yọ́.

Ionie dúró de Verna lẹ́yìn ìsìn, níwájú gbogbo ìjọ.

"Ọmọ mi lo sọ di pátákó, Verna."

"Ionie, gbọ́ mi ná. Wọ́n ti pè wá sí ìpàdé. Wọ́n máa kọ́ kílíníìkì yẹn. Ẹgbẹ̀rún ọmọ ló máa rí ìtọ́jú."

"Kí ẹgbẹ̀rún ìyá máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ nígbà náà. Èmi ò ní sí láàárín wọn. O ò bi mí. O ò bi òun náà."

"Tí mo bá bi ẹ́, o máa gbà?"

"Mi ò ní gbà. Ìdí tí o ò fi bi mí nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ara wọn sọ gbẹ̀yìn nìyẹn, àyàfi ẹyọ kan. Wọ́n ṣí kílíníìkì lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ionie kò lọ. Òpópónà mẹ́ta péré ló wà láàárín ilé àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá ń bọ̀ lápá ọ̀tún títì, èkejì á sọdá sí òsì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan jókòó sápá fèrèsé, èkejì sápá dùùrù, àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà sì rò pé bí Ọlọ́run ṣe tò wọ́n nìyẹn.

Nínú oṣù kejì ọdún 1993, wọ́n dá Yvette dúró sí ọsibítù. Ionie jókòó tì í fún ọjọ́ méje, kò relé. Ní ọjọ́ kẹjọ, ara fúyẹ́ díẹ̀. Yvette wo ìyá rẹ̀, ó fa imú pọ̀.

"Màmá, ẹ ti ń rùn. Ẹ lọ wẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má baà lé àwa méjèèjì jáde."

Ionie rẹ́rìn-ín, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó lọ sílé ní ọ̀sán, ó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ. Nígbà tó padà dé, aago mẹ́ta ti lù. Ẹni tó pàdé lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ni Verna, tó wọ kóòtù, tó ń jáde bọ̀. Inú bí Ionie.

"Kí lo wá ṣe níbí? Ṣé fọ́tò mìíràn lo wá mú?"

Verna la ẹnu, ó tún pa á dé, ó sì kọjá lọ. Ionie wọlé, ó rí i pé wọ́n ti fa aṣọ yí bẹ́ẹ̀dì ká. Yvette ti kú. Nọ́ọ̀sì ọmọdé kan dì í lápá mú, ó ní: "Ó yára púpọ̀, Mama Liburd. Ẹ má bínú pé kò sí ẹbí kankan lọ́dọ̀ rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Ionie gbé sínú. Òun tó jókòó ti ọmọ olómọ, tó bá ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìyá pàdé nínú ìrora wọn, ọmọ tirẹ̀ dá nìkan kú torí pé òun lọ wẹ̀. Kò sọ ọ́ fún Clement títí tí ọkùnrin náà fi tẹ̀ lé ọmọ wọn. Kò sọ ọ́ fún pásítọ̀. Ó ń dáná, ó ń jókòó ti àwọn èèyàn, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹ̀fẹ̀ wọn, ọ̀rọ̀ náà sì ń jókòó sínú rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélógún lẹ́yìn ìyẹn ni Keziah Archibald yọjú sí gbọ̀ngàn ní Ọjọ́rú kan. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Chapeltown ni wọ́n bí i sí, ọmọ Nevis sì ni ìyá-ìyá rẹ̀. Fíìmù ló ń ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ti ń jà, tí wọ́n ti ń fẹnu kora wọn lẹ́nu. Tirẹ̀, inú ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà ni wọ́n ti ń gbé e sára ògiri, tí àwọn èèyàn á jókòó sílẹ̀ wò ó, tí wọn ò ní sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ ló sọ ìtàn àwọn Ajókòótini fún un. Ó lọ wá wọn nínú ìwé, kò rí wọn. Ó lọ sí ilé ìkówèésí ìlú, kò rí àwòrán kan ṣoṣo.

Mísítà Osbert Claxton, baba ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin tó máa ń jẹ oúnjẹ ẹni méjì, gbọ́ ọ̀rọ̀ fíìmù, ó tún táì rẹ̀ ṣe.

"Ọmọ mi, ṣé akọni lo fẹ́ fi mí ṣe? Mo ṣì lè sáré dé ìdí bọ́ọ̀sì."

"Bàbá, bọ́ọ̀sì ló máa ń dúró dè yín," ni obìnrin kan wí, gbogbo tábìlì sì bú sẹ́rìn-ín.

Ionie kò rẹ́rìn-ín. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wo Keziah láti òkè délẹ̀. "Bó o bá fẹ́ jẹun, jókòó. Bó o bá fẹ́ yàwòrán, ilẹ̀kùn nìyẹn. Bó o bá fẹ́ ṣiṣẹ́, ọ̀dùnkún wà nínú àpò yẹn tí a ò tíì bó."

Keziah bọ́ kóòtù, ó fa àpò ọ̀dùnkún sọ́dọ̀. Ó bó o lọ́sẹ̀ yẹn, ó bó o lọ́sẹ̀ kejì, ó ń bó o láti oṣù kẹsàn-án títí oṣù kẹta ọdún kejì fi wọlé. Kámẹ́rà rẹ̀ wà nínú báàgì, kò fọwọ́ kàn án. Ó mọ ẹni tí kì í jẹ ata, ó mọ ẹni tí etí rẹ̀ ń di, ó máa ń gbé abọ́ lọ fún àwọn tí kò lè jáde. Ní ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí àwọn méjèèjì ń gé àlùbọ́sà, Ionie dédé bi í.

"Kí lo tiẹ̀ fẹ́ yà gan-an?"

"Ọwọ́ yín, Àǹtí Ionie."

"Ọwọ́ lásán?"

"Ọwọ́ tó ti ṣe tó báyìí, ṣé lásán ni?"

Ionie tún gé àlùbọ́sà mẹ́ta kó tó dáhùn. Ó ní kò gbọdọ̀ ya ojú òun. Ó ní òun ò fẹ́ kó dárúkọ Yvette. Ó ní bí òun bá sọ pé ó tó, ó tó nìyẹn.

"Mo gbà," ni Keziah wí. "Ohunkóhun tí mo bá yà, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ rí i. Èyí tí ẹ ò bá fẹ́, mo gé e kúrò. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ fún yín kẹ́ ẹ má gbọ́ ọ lẹ́yìn mi: mo máa lọ bá Màmá Verna náà."

"Lọ bá a. Ẹnu yẹn kì í gbó."

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Keziah ya ọwọ́ Ionie níbi tó ti ń po ìyẹ̀fun, níbi tó ti ń fi òróró pa ẹsẹ̀ arúgbó kan, níbi tó ti ń di okùn bàtà ọkùnrin tí kò lè tẹ̀ríba mọ́. Ó ní kí Ionie ka orúkọ gbogbo àwọn tí ó ti jókòó tì, bí ó bá rántí. Ionie pa ojú dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ka orúkọ mẹ́tàléláàádóje, Keziah sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó dé ibi kan, ó fo ọ̀kan, ó ń bá a lọ.

Ní ọ̀sán Sátidé kan lẹ́yìn Àjíǹde, Keziah kan ilẹ̀kùn Ionie. Ó gbé ẹ̀rọ tí ń gbé àwòrán sára ògiri dání, ojú rẹ̀ kò sì dà bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Kí ló ṣe ẹ́? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Àǹtí. Nǹkan kan wà tí mo yà, tiyín ni. Ẹnikẹ́ni ò tíì rí i. Màmá Verna ló ní kí n gbé e wá. Wọ́n ní àwọn ò lè fi ẹsẹ̀ ara àwọn gbé e wá."

Ionie rò ó. Ó yọ àwòrán Olúwa kúrò lára ògiri, ó gbé e sórí àga, ó ní: "Fa aṣọ fèrèsé."

Ojú Verna jáde sára ògiri. Ó ti darúgbó ju bí Ionie ṣe ń rí i láti òdìkejì títì lọ. Ó jókòó sínú ilé rẹ̀, ọwọ́ lórí itan, ó sì ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kì í ṣe Verna.

"Gbogbo ìgbà tí Yvette bá wà ní ọsibítù ni mo ń lọ, bí Ionie bá ti wà níbi iṣẹ́. Mo ti bẹ ọmọ náà tipẹ́, ó sì ti dárí jì mí. Ó ní kí n má sọ fún ìyá òun. Ó ní, 'Màmá ń gbádùn ìjà yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á tẹ́rùn.'" Verna rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Lọ́jọ́ yẹn, obìnrin tó ń ta tíì ni Yvette fi ránṣẹ́ sí mi, pé ìyá òun ti lọ wẹ̀, kí n tètè wá. Mo lọ. Ó ní irun òun ti dàrú, pé kí n bá òun dì í. Mo tò ó sí ẹ̀yìn, mo ń dì í, a ń sọ̀rọ̀ fìlà, ó ní fìlà mi tọdún Àjíǹde yẹn burú. Mo dì í dé àárín. Ó ní ó rẹ òun, kí n di òun lọ́wọ́ mú. Mo dì í mú. Kò bẹ̀rù. Kò ké. Ó kàn ń mí, ó ń mí, kò wá mí mọ́. Kò dá nìkan wà. Mo fẹ́ kí Ionie mọ̀ pé kò dá nìkan wà rárá. Èmi ló yẹ kó sọ ọ́. Mo pe nọ́ọ̀sì, wọ́n fa aṣọ yí bẹ́ẹ̀dì ká, mo wọ kóòtù láti lọ wá Ionie, mo sì pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó sọ sí mi, ó tọ́ sí mi. Mo gbé ẹrù mi, mo lọ. Mo ní tílẹ̀ bá mọ́ màá lọ sọ fún un. Ilẹ̀ mọ́, mo lọ, kò ṣílẹ̀kùn. Ọjọ́ di ọdún. Báwo lèèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan? Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ńkọ́?"

Ògiri funfun padà. Ionie ń rántí pé lọ́jọ́ tí òun wẹ òkú ọmọ náà, apá kan irun rẹ̀ wà ní dídì, tó gún régé, apá kejì sì wà ní títú. Ó rò pé nọ́ọ̀sì kan ló ṣàánú ọmọ náà. Kò bi ẹnikẹ́ni.

"Tún un ṣe," ni ó wí.

Keziah tún un ṣe. Ìgbà mẹ́ta ni Ionie wò ó. Ní ìgbà kẹta, ó nawọ́, ó fọwọ́ kan ògiri níbi tí ọwọ́ Verna wà. Lẹ́yìn náà ó ní kí Keziah bá òun mú kóòtù.

"Ṣé kí n sìn yín lọ, Àǹtí?"

"Ṣé ìwọ náà wà níbẹ̀ nígbà tí a ń jà ni?"

Òpópónà mẹ́ta yẹn gùn lọ́jọ́ náà. Ó dúró lẹ́ẹ̀mejì nítorí eékún. Nígbà tí Verna ṣílẹ̀kùn, kò sí èyí tó kí ẹnì kejì nínú wọn.

"O ò dì í tán," ni Ionie wí.

Verna di etí ilẹ̀kùn mú. "Kò fún mi láyè."

"Èmi ni mo dì í tán, nígbà tí mo ń wẹ̀ ẹ́. Mo ní, nọ́ọ̀sì òyìnbó wo ló mọ irun dì báyìí?" Ó na ìka sí Verna. "Ọdún méjìlélógún, Verna! Ọdún méjìlélógún ni mo fi rò pé ọmọ mi dá nìkan kú!"

"Mi ò mọ̀. Ionie, Ọlọ́run gbọ́, mi ò mọ̀ pé ohun tí wọ́n sọ fún ẹ nìyẹn. Mo rò pé inú ló ń bí ẹ sí mi lásán."

"Inú ń bí mi sí ẹ dáadáa."

Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, arúgbó méjì, atẹ́gùn ń fẹ́ wọlé. Ionie fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

"Ṣé kí n wọlé, àbí ẹnu ọ̀nà lo fẹ́ kí n gbẹ sí?"

"Nu ẹsẹ̀ rẹ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nulẹ̀ ni."

Wọ́n mu tíì atalẹ̀, wọ́n sunkún, wọ́n tún jà díẹ̀. Verna ní òun ṣì gbà pé bí kò bá sí fọ́tò yẹn, kò ní sí kílíníìkì. Ionie ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò pa á rẹ́ pé ó ṣẹ òun.

"Mo ṣẹ̀ ẹ́," ni Verna wí. "Mo ṣẹ̀ ẹ́, mo sì ṣẹ ọmọ náà. Ó yẹ kí n bi yín."

Láti ọdún 1987 ni Ionie ti ń retí gbólóhùn yẹn, kò sì mọ̀ pé òun ń retí rẹ̀. Ó na ife rẹ̀ síwájú, ó ní kí ó bá òun fi tíì kún un.

Ọ̀rọ̀ kù nípa fíìmù. Verna, ọlọ́rọ̀ púpọ̀, rò pé ó yẹ kí gbogbo ayé gbọ́ ọ. Ionie kọ̀.

"Èyí kì í ṣe ti ìta. Tiwa ni."

"Ṣùgbọ́n Ionie, yóò wọ àwọn èèyàn lára gan-an o…" Verna gbọ́ ohun tó ń tẹnu ara rẹ̀ jáde, ó dákẹ́ lójijì. "Bó o bá ti wí," ni ó wí.

Keziah gé e kúrò, kò jiyàn, bẹ́ẹ̀ ó sì mọ̀ pé ibẹ̀ ló dùn jù nínú gbogbo ohun tí òun yà. Ó kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn méjèèjì, kò fi ẹ̀dà kankan sílẹ̀ lọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ionie ronú fún ọ̀sẹ̀ kan, ó wá ránṣẹ́ pè é. Ó ní òun fẹ́ tún orúkọ kan kà sí àwọn tí òun kà níjọ́sí. Ó ní bí Keziah bá sì fẹ́, ó lè ya òun àti Verna níbi tí àwọn jókòó sí, tojú-tojú.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹfà ni wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn, nínú gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Èèyàn kún dé orí àtẹ̀gùn. Nígbà tí ìkòkò ọbẹ̀ ti wà lára ògiri títí, tí kò sí ohun mìíràn, Mísítà Claxton kò lè mú un mọ́ra.

"Keziah, ṣé ọbẹ̀ yìí ò ní jiná ni? Ebi ti ń pa mí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn Ionie bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ. Ó ka bí ogún. Ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun wà lẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí wọ́n dé orúkọ tirẹ̀, ó dìde láìmọ̀, ó ní: "Èmi rèé." Lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin kan tó gbé ọmọ-ọmọ dání: "Mo wà níbí." Láti ibi kan, ẹlòmíràn dáhùn wẹ́lẹ́ pé: "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ti lọ." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dáhùn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣe é. Nígbà tó kan Yvette Liburd, Ionie ń wo iwájú. Verna gbé ọwọ́ rẹ̀ lé e lórúnkún, ó sì fi í síbẹ̀.

Fíìmù náà rìn. Ó dé London, ó dé Bristol, ó dé ìlú kan ní Jámánì tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè pe orúkọ rẹ̀ dáadáa. Ionie àti Verna wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wò ó ní London lẹ́ẹ̀kan. Àga kò sí níbẹ̀, ilẹ̀ ni wọ́n jókòó sí. Ionie ní kí ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà lọ wá àga méjì fún àwọn àgbà, ọkùnrin náà ní kò sí nínú ètò. Ionie ní kó lọ bi ẹni tó ṣètò náà, òun ń dúró dè é. Àga méjì dé.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, iléèwé kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní kí Keziah gbé fíìmù náà wá, kí àwọn ìyá méjèèjì sì tẹ̀ lé e. Verna sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, ó dùn-ún gbọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin kan nawọ́ lẹ́yìn, ó ní òun fẹ́ bi ìyá kejì, èyí tí kò tíì sọ nǹkan kan: bí aláìsàn bá ní ó ń dun òun, tí gbogbo ẹ̀rọ ní kò sí nǹkan, kí ni kí àwọn ṣe?

Ionie yíjú sí ọmọbìnrin náà.

"Ẹ gbà á gbọ́," ni ó wí. "Kí ẹ sì fa àga sún mọ́ ọn."

Nígbà tí wọ́n ń lọ sí ìdí bọ́ọ̀sì, Verna ń ṣàròyé pé òun fi ogójì ìṣẹ́jú la ọ̀nà, Ionie wá fi gbólóhùn méjì gba gbogbo ògo.

"Ṣe mo ní kó o sọ tó bẹ́ẹ̀ ni?" ni Ionie wí, ó sì di apá rẹ̀ mú, nítorí títì ń yọ̀, bọ́ọ̀sì sì ti ń bọ̀.